Ẹ má san owó yàrá fún kọnsáfétọ́rì

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìròyìn, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ọ̀rọ̀ ilé ríra nílùú òyìnbó ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, torí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó wà ní England ń ka ìwé ìròyìn yín, àwọn òbí wọn tó wà nílé náà ń kà á, àwọn òbí yìí sì máa ń dá sí i gan-an tí ọmọ bá fẹ́ ra ilé, wọ́n á máa wo fọ́tò ilé lórí WhatsApp, wọ́n á ní èyí dáa, ra èyí. Ohun tí mo wá ń rí báyìí ni pé tí ilé méjì bá dọ́gba, tí ọ̀kan ní kọnsáfétọ́rì lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn máa lọ, wọ́n á ti kà á mọ́ yàrá, wọ́n á ní ilé yìí kì í ṣe oníyàrá mẹ́ta mọ́, ó ti di mẹ́rin, wọ́n á sì fowó lé owó. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Tí ilé fúnra ẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rà á, kọnsáfétọ́rì tó wà níbẹ̀ ò ní kẹ́ ẹ sá fún un, àmọ́ ẹ má san owó yàrá fún un, torí kì í ṣe yàrá.

Fún àwọn tí kò tíì rí i rí, kọnsáfétọ́rì ni ibi onígíláàsì tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ lèèyàn ń gbà bọ́ sí ọgbà ẹ̀yìn ilé. Ògiri ẹ̀ kì í ga, ó lè má ju orúnkún lọ, gíláàsì ló kù títí dókè, òrùlé ẹ̀ náà á jẹ́ gíláàsì tàbí ike. Ẹ rò ó bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn bàbá wa tí wọ́n wá fi gíláàsì yí po, èèyàn lè jókòó síbẹ̀ kó máa wo ìta, àmọ́ atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa kọjá, tibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀.

Ewéko ni wọ́n dìídì kọ́ irú ilé yìí fún níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Àwọn ọba àti olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ ọ kí igi ọsàn wọn má bàa kú nígbà òtútù, Orangery, ìyẹn ilé igi ọsàn, tó wà ní ọgbà ewéko Kew ní London, ọdún 1761 ni wọ́n kọ́ ọ. Gíláàsì wọ́n nígbà yẹn torí ìjọba ń gbowó orí lórí ẹ̀, ọdún 1845 ni wọ́n tó fagi lé owó orí náà, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n sì ń kọ́ Palm House, ilé onígíláàsì tí wọ́n ń tọ́jú igi ọ̀pẹ sí, sí Kew kan náà, láti 1844 sí 1848. Ẹni tó bá dé inú Palm House lónìí á rí igi kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ooru inú ẹ̀ á sì mú un rántí ilé, àmọ́ kó mọ̀ pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú ibẹ̀ gbóná kí kòkó yẹn tó lè yè, gíláàsì nìkan ò lè ṣe é. Férémù oníke tí wọ́n ń pè ní uPVC ló wá sọ kọnsáfétọ́rì di ti gbogbo èèyàn, láti bíi 1980 lọ sókè, torí ó dínwó, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ tán. Púpọ̀ nínú èyí tá à ń bá lẹ́yìn ilé tá à ń rà ní Kent, Essex, Dagenham àti Thamesmead, irú ẹ̀ náà ni, òrùlé polycarbonate ló wà lórí ẹ̀, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò nínú.

Òrùlé yẹn gan-an ni wàhálà. Oòrùn á wọlé láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ooru náà ò wá ní ríbi jáde, tó bá sì tún di alẹ́, ike yẹn ò lè di ooru kankan mú, gbogbo ẹ̀ á gba òkè lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù July ọdún 2022, ooru dé 40.3°C ní Coningsby ní Lincolnshire, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa dé 40 látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ìta nìyẹn o, inú kọnsáfétọ́rì tí oòrùn ń bá wí máa ń gbóná ju ìta lọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò dìgbà tó bá di 40, ọjọ́ tí ìta bá jẹ́ 25 lásán, tó o bá wọ inú ẹ̀ ní aago 2 ọ̀sán wàá sáré jáde. Tó bá di November títí wọ March, òdì kejì ni, òtútù inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìta, omi á máa ṣàn lára gíláàsì láàárọ̀, tí wọn ò bá sì ń nù ún, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, á máa dúdú ní kọ̀rọ̀. Òjò náà ńkọ́? Òjò tó ń rọ̀ sórí ike yẹn, tí òjò sì pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń sọ.

Wọ́n á ní ṣebí èèyàn lè gbé hítà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gbé e síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Hítà oníná 2 kilowatt, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí 5 lóòjọ́, yúníìtì 10 nìyẹn, tí yúníìtì kan bá jẹ́ 25 pence, £2.50 lóòjọ́ nìyẹn, £75 lóṣù, nítorí ibì kan ṣoṣo nínú ilé, tẹ́ ẹ bá sì pa hítà náà báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ooru ọ̀hún fi máa ń lọ. Owó ọkọ̀ ọmọ lóṣù kan nìyẹn, tàbí owó téèyàn lè fi ránṣẹ́ sílé.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa gan-an ń lò ó fún, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ni fíríísà ńlá onídùbúlẹ̀, èyí tí ẹran ewúrẹ́, ẹja, ata lílọ̀ àti ọbẹ̀ oríṣiríṣi kún inú ẹ̀. Ẹ wo ìwé tó bá fíríísà yẹn wá, tàbí àkọlé tó wà lára ẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà kan níbẹ̀, ó lè jẹ́ SN, N, ST tàbí T, ohun tí lẹ́tà yẹn ń sọ ni bí yàrá tí wọ́n gbé e sí ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó tàbí tutù tó kí ẹ̀rọ náà tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. SN jẹ́ láti 10°C sí 32°C, N láti 16 sí 32, ST láti 16 sí 38, T láti 16 sí 43. Kọnsáfétọ́rì tí kò sí hítà ńbẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ 10 dáadáa lóru oṣù January, ó sì ń kọjá 32 lọ́sàn-án oṣù July, ìyẹn ni pé kò sí ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn tó bá a mu látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, àfi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fíríísà bá kọ ọ́ gbangba pé ó lè wà ní gáréèjì tàbí ibi tútù. Ẹni tí fíríísà ẹ̀ bá kú nínú ooru, tí ẹran tó rà sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yọ́, ó di kó dà á nù.

Iṣu náà nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń kó páálí iṣu Gánà síbẹ̀ torí wọ́n rò pé ibi tútù ló dáa fún un, kò rí bẹ́ẹ̀ o, iṣu kì í fẹ́ òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 12°C, inú ẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e wọ kíṣìnnì tó gbóná, tẹ́ ẹ gé e, lẹ máa rí i pé ó ti dúdú, ó ti rọ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Peckham ní London á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ìyá wa. Ìyàwó bímọ, màmá láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá bá wọn wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, yàrá ò tó, wọ́n á lọ ra sófà tó ń di bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gbé e sínú kọnsáfétọ́rì, wọ́n á ní ibẹ̀ ni kí màmá máa sùn, ó kúkú ní iná, ó ní kápẹ́ẹ̀tì. Màmá tó ti tó àádọ́rin ọdún, tí kò rí òtútù irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, á wá máa fi súwẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀ sùn, kò sì ní ráhùn torí kò fẹ́ da ọmọ ẹ̀ láàmú, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ilé, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé òbí máa ń wá, yàrá tó ní bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ fi owó yín wá, kì í ṣe gíláàsì. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ sì ń wo fọ́tò látilé, ẹ bi wọ́n léèrè, "Níbo ni màá sùn?" Ìbéèrè yẹn máa mú kí wọ́n ka yàrá ilé náà dáadáa.

Àwọn ohun tó dáa láti fi í ṣe wà, mi ò ní purọ́. Ìsọmọlórúkọ nígbà sọ́mà, tí èrò pọ̀ ju pálọ̀ lọ, ẹ̀ẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀, èrò á tú wọnú ọgbà. Àdúrà àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré nígbà tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ẹni tó ń rán aṣọ á rí ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kedere ńbẹ̀, kò ní máa tiraka kó tó rí abẹ́rẹ́. Àmọ́ níbi tí ọmọdé bá ti ń sáré, ẹ wo igun gíláàsì tó wà nísàlẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ rí àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí i lára tó ń fi hàn pé gíláàsì tí kò ní ṣeni léṣe tó bá fọ́ ni, òfin ní kí gíláàsì tó bá wà nísàlẹ̀ 800 milimítà látilẹ̀, àti tara ilẹ̀kùn títí dé 1,500 milimítà, jẹ́ irú ẹ̀. Èyí tó bá ti pẹ́ gan-an lè má ní in.

Nǹkan méjì tún wà tí ẹni tó lọ wo ilé kì í sábà wò. Àkọ́kọ́ ni yàrá tó wà lẹ́yìn kọnsáfétọ́rì, ó sábà máa ń jẹ́ kíṣìnnì tàbí ibi ìjẹun, fèrèsé tó ń fún un ní ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn tẹ́lẹ̀ ti wá ń ṣí sínú kọnsáfétọ́rì, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, òórùn ẹja díndín ò ní ríbi jáde. Ẹ dúró nínú yàrá yẹn, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí. Èkejì lè gbẹ̀mí èèyàn. Ẹ wá páìpù tí èéfín bọ́ílà, ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú omi àti ilé gbóná, ń gbà jáde. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé inú kọnsáfétọ́rì gan-an ni páìpù yẹn kọjú sí, torí ìta ni ibẹ̀ nígbà tí wọ́n fi bọ́ílà síbẹ̀, ẹni tó wá kọ́ kọnsáfétọ́rì lẹ́yìn náà ò bìkítà. Carbon monoxide, olóró tó lè wà nínú èéfín bọ́ílà, ò ní òórùn, ojú ò sì lè rí i, tó bá kún ibi tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀ pa, orun ló máa gbé èèyàn lọ tí kò ní jí. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, kí ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì, wá wò ó kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun, mi ò bá yín ṣeré lórí ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ti òfin, torí ibẹ̀ ni owó ti ń dànù. Ní England, kọnsáfétọ́rì ò nílò ìwé àṣẹ building regulations, ìyẹn òfin bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́lé, tó bá ti jẹ́ pé ilẹ̀ ló dúró lé, tí kò tó 30 square metres, tí ògiri, ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó lágbára bíi tìta gan-an wà láàárín òun àti ilé, tí hítà ẹ̀ bá dá dúró, tó ní ibi tí wọ́n ti ń tàn án lọ́tọ̀, tí gíláàsì àti wáyà iná ẹ̀ sì bá òfin mu. Ẹ ṣàkíyèsí ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Àwọn tó ń talé máa ń yọ ilẹ̀kùn àárín yẹn kúrò kí ilé lè dà bíi pé ó fẹ̀, wọ́n á so rediétọ̀ tòótọ́, irin olómi gbígbóná tó ń mú yàrá móoru, mọ́ ọn láti ara bọ́ílà ilé, èèyàn á wọlé á ní háà, ibí yìí mà fẹ̀ o. Tí wọ́n bá ti yọ ilẹ̀kùn yẹn, tàbí tí wọ́n ti fa páìpù rediétọ̀ débẹ̀, kì í ṣe kọnsáfétọ́rì tó bọ́ lọ́wọ́ òfin mọ́, ara ilé ló ti dà, ìwé àṣẹ kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, sì gbọ́dọ̀ wà fún un. Bákan náà ni àwọn tó yọ òrùlé ike, tí wọ́n fi òrùlé tó nípọn rọ́pò ẹ̀ kó lè máa móoru, ìyẹn dáa lóòótọ́, ó ń jẹ́ kí ibẹ̀ ṣeé jókòó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní sátífíkéètì, torí férémù tí wọ́n ṣe fún ike fúyẹ́fúyẹ́ lè má lè gbé e. Ọdún kan péré ni kánsù fi láǹfààní tẹ́lẹ̀ láti pàṣẹ pé kí wọ́n tún iṣẹ́ tí kò bófin mu ṣe, òfin Building Safety Act ti 2022 ti sọ ọ́ di ọdún 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á ni wọ́n máa wá bá o, kì í ṣe ẹni tó kó lọ.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹni tó ń talé máa ń kọ, TA6 ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè wà níbẹ̀ gbangba bóyá wọ́n ti so kọnsáfétọ́rì mọ́ ilé. Ẹ ní kí lọ́yà yín fi ìdáhùn ibẹ̀ hàn yín, ẹ má jẹ́ kó kàn ní gbogbo ẹ̀ ti wà létòlétò. Tí ìwé ò bá sí, lọ́yà ẹni tó ń talé á ní àwọn á ra indemnity insurance fún yín. Ẹ yé ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tù yín lára jù. Ohun tí insurance yẹn ń ṣe ni pé tí kánsù bá dé, á san owó tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, àmọ́ kò ní tún fáńdéṣọ̀n tó ń rì ṣe, kò ní mú òrùlé tó ń jò dákẹ́. Wọ́n sì sábà máa ń sọ ọ́ nínú ẹ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì kan sí kánsù nípa iṣẹ́ náà, nítorí náà kẹ́ ẹ tó pe kánsù, ẹ bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀.

Planning permission, ìyẹn àṣẹ pé èèyàn lè kọ́ nǹkan síbẹ̀, tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilé tó lẹ̀ mọ́ tẹlòmíì, kọnsáfétọ́rì lè yọ lẹ́yìn ẹ̀ tó mítà 3 láìgbàṣẹ, ilé tó dá dúró mítà 4, ó lè dé 6 tàbí 8 tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ fún kánsù kí kánsù sì sọ fún àwọn aládùúgbò. Fúláàtì ò ní àǹfààní yìí rárá. Àwọn ẹ̀sítéètì tuntun náà, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ so nǹkankan mọ́ ilé láìtọrọ àyè. Páìpù ìdọ̀tí tí gbogbo àdúgbò ń lò tún lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, láti October 2011 ló ti jẹ́ pé ilé iṣẹ́ omi ló ni púpọ̀ nínú irú páìpù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá kọ́lé lé e láìgba àdéhùn lọ́wọ́ wọn, tí páìpù wá dí lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ kọnsáfétọ́rì ni wọ́n máa gbẹ́.

Ìyẹn ló ní kí n sọ̀rọ̀ ilẹ̀. London àti púpọ̀ nínú Essex, orí amọ̀ ni wọ́n wà, amọ̀ yìí máa ń súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á tún wú nígbà òjò. Fáńdéṣọ̀n ilé jìn, ti kọnsáfétọ́rì kì í sábà jìn tó o, nítorí náà àwọn méjèèjì ò ní jọ rìn, ti kọnsáfétọ́rì á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ á sì là. Ẹ wo ibi tí òrùlé ẹ̀ ti kan ògiri ilé, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ń fi sílíkóònì dí i léraléra, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ wò bóyá ó ń há. Sáfeyọ̀, ẹni tó ń yẹ ilé wò kí wọ́n tó rà á, ló yẹ kó wo gbogbo èyí, kì í ṣe tí báǹkì o, báǹkì ń rán tiwọn láti mọ̀ bóyá owó wọn kò ní sọnù ni, tiyín ni kẹ́ ẹ gbà, ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò RICS (ẹgbẹ́ àwọn sáfeyọ̀) Level 2 tàbí Level 3, kẹ́ ẹ sì sọ fún un lẹ́nu pé ẹ fẹ́ kó yẹ kọnsáfétọ́rì wò dáadáa. Kẹ́ ẹ sì bi í pé tí ògiri òkè tàbí fèrèsé òkè bá bàjẹ́, báwo ni wọ́n á ṣe débẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè gbé àkàbà lé òrùlé ike.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ká ní ẹni tó ń talé fi £15,000 lé owó ilé torí kọnsáfétọ́rì. Tí owó ilé bá ti kọjá £250,000, Stamp Duty, owó orí tí ẹni tó ra ilé ń san fún ìjọba, lórí £15,000 yẹn jẹ́ 5 nínú 100, £750 nìyẹn, ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ náà á san iye kan náà lórí ẹ̀ tí ilé bá wà láàárín £300,000 sí £500,000. Ẹ wá fi mọ́gééjì, owó tí báǹkì ń yáni láti ra ilé, sí i, £15,000 tẹ́ ẹ yá fún ọdún 25 pẹ̀lú èlé 5 nínú 100, bíi £88 lóṣù, kẹ́ ẹ tó san án tán ó ti lé ní £26,000. Lórí ohun tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 25 sẹ́yìn, tó jẹ́ pé ó lè ṣeé ṣe kẹ́ ẹ wó o kí mọ́gééjì ọ̀hún tó dé ìdajì! Ó ń ká mi lára gan-an, torí mo mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń rí dìpọ́síìtì, owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó sílẹ̀ kí báǹkì tó yá wọn ní ìyókù, iṣẹ́ alẹ́ ní kíà hóòmù tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, èsúsú, ọkọ ń wọlé ìyàwó ń jáde.

Ibi tí mo ti máa gbà pé ó níye lórí rèé: tí ó bá ní gíláàsì onípele méjì tó dáa tàbí òrùlé tó nípọn tó ní sátífíkéètì, tí ilẹ̀kùn àárín ṣì wà níbẹ̀ tó sì ṣeé tì, tí kò kọjú sí gúúsù tí oòrùn á ti máa jó o látàárọ̀ dalẹ́, àti tí àríwá náà ò gbà á kó máa tutù títí, tí ìlà oòrùn ló kọjú sí, ẹ̀ẹ́ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ láti April títí wọ October, á dùn mọ́ yín. Irú ìyẹn, ẹ san owó díẹ̀ lé e, kò burú. Ohun kejì tó níye lórí ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá lówó lọ́jọ́ iwájú lè wó o kó kọ́ yàrá gidi síbẹ̀, àmọ́ kó má rò pé torí kọnsáfétọ́rì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni fáńdéṣọ̀n ẹ̀ máa gba ògiri bíríkì, lọ́pọ̀ ìgbà àtìpìlẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí òrùlé ẹ̀ ti pọ́n, tó ń jò, tí férémù ẹ̀ ti wọ́, iye tí wọ́n máa gbà láti wó o àti láti kó o dànù ni kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú owó tẹ́ ẹ máa dá, kẹ́ ẹ sì sọ fún éjẹ́ńtì pé ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́ nìyẹn. Inú wọn lè má dùn, àmọ́ tí sáfeyọ̀ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé nílé, tí àwòrán yìí wù láti gbé wá sí Lekki tàbí Akobo, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn tiwa ń ti òkè orí wá tààrà, NEPA ò sì ṣeé gbára lé láti gbé AC. Fáráńdà tó ní òrùlé tó nípọn tó sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bá ibi tá a wà mu.

Ẹni tó bá ti ra tiẹ̀, tó sì ti ń gbé ibẹ̀, kó má yọ ilẹ̀kùn àárín yẹn, ohun yòówù kí bírìkìlà sọ fún un. Kó ra bùláìnì, aṣọ tó ń dí oòrùn, sí òrùlé rẹ̀. Kó gbé fíríísà padà wá sínú ilé. Kó sì sọ fún àwọn insurance ilé ẹ̀ pé kọnsáfétọ́rì wà níbẹ̀, torí àwọn olè lè gba ilẹ̀kùn ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀gá mi, tó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde kó tó di March. Àtìgbà yẹn lọ ni ilé máa ń pọ̀ lórí àtẹ, òtútù á ti lọ, ooru ò sì tíì dé, ọjọ́ tó bá jẹ́ 17 tàbí 18°C tí oòrùn sì ràn díẹ̀, kò síbi tó dùn ún jókòó sí bíi inú kọnsáfétọ́rì, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni éjẹ́ńtì máa ń pe èèyàn wá wolé. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó ní òun fẹ́ padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i ní aago 7 alẹ́, tàbí ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.